Ọ̀dà Funfun Tí Mo Fi Purọ́ Mọ́ Ọkọ Mi

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Opó ni mí lóòótọ́, ojú àánú ni àwọn ènìyàn sì fi máa ń wo opó, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ní ojúmọmọ, ojú mi sì là kedere. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Avril Pettifer ni orúkọ mi. Ìlú Coventry ni mò ń gbé, nínú ilé tí èmi àti Lionel, ọkọ mi, jọ gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì. Iṣẹ́ ayẹ̀wò ni Lionel ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Nígbà tó wálé jókòó, irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: ọkọ̀ eré kékeré olójúkòó méjì tí wọ́n ṣe nígbà tí àwa náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn.

Wọn kò ṣe é mọ́. Ẹni tó bá ní i lónìí, àlòkù ẹ̀yà rẹ̀ ló ń wá kiri. Lionel a máa ra èyí tó ti dípẹtà, a tú u palẹ̀ nínú gáráàjì wa, a fọ ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì tà á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ tó wà ní àdúgbò wa.

Gbogbo wọn ló mọ ọ̀dà funfun Lionel. Tó bá ti yẹ ẹ̀yà kan wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi ọ̀dà funfun ṣe àmì sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé iṣẹ́ láyé ọjọ́un. Olúyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, funfun sì ni ti Lionel. Ẹni tó bá rí funfun yẹn kì í tún bèèrè nǹkan kan mọ́.

Oṣù kọkànlá ni Lionel kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, nínú gáráàjì, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé dákẹ́. Ẹ̀yin tó ti rí irú rẹ̀ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí. Mo máa ń gbọ́ ìró fíríìjì láti inú yàrá mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé mi dìde: ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wá ra nǹkan nínú gáráàjì. Wọn á wọlé, wọn á jókòó sí ilé ìdáná mi, wọn á mu tíì, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ Lionel. Ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ rántí ọjọ́ tó sùn sábẹ́ ọkọ̀?" A ó rẹ́rìn-ín. Fún wákàtí kan, á dà bíi pé ó wà ní gáráàjì, pé á tó wọlé wá fọwọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni àwọn pẹpẹ ń ṣófo sí i. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣófo tán, kí ni yóò tún gbé ẹnikẹ́ni wá?

Ẹni tó kọ́ mi ní bí a ṣe ń dá ẹ̀yà mọ̀ ni Godfrey Malin, ọ̀rẹ́ Lionel. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe ayẹ̀wò nílé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Godfrey kì í pọ̀, àwàdà rẹ̀ sì máa ń gbẹ bí bisikíìtì àná.

Lọ́jọ́ tí a dé orí kálípà, ìyẹn irin tó máa ń fún dísìkì bíréèkì mọ́ra nígbà tí a bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbé méjì síwájú mi.

"Èwo ni ti apá òsì, Avril?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Wọ́n jọra bí ìbejì."

"Wo nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì bíréèkì. Òkè ni ó máa ń wà, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá dè é sódì, á tú afẹ́fẹ́ títí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi hu."

"Èmi ò ní irùngbọ̀n."

"Á hu."

Lẹ́yìn náà ó fa irin ìwọ̀n Lionel yọ, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ihò kan lẹ́yìn kálípà náà. "Ibí yìí ni páìpù ọ́ìlì ń wọ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Ínǹṣì ni wọ́n fi ṣe ihò yìí ní ọkọ̀ tiwa. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà sí mìlímítà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Páìpù tiwa á wọ ihò mìlímítà, á yí, á mú, wàá rò pé ó ti jókòó dáadáa. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí o bá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ni yóò fò jáde."

"Godfrey, o ń dẹ́rù bà mí."

"Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù máa ń ba Lionel náà. Ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára."

Mo mọ̀ ọ́n, nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹta, Rowland Askew wá. Olùkọ́ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, ìgbà gbogbo ló máa ń nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ó ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ tí a sin Lionel. Òun ló máa ń pẹ́ jù nídìí tíì.

"Ìyáàfin Pettifer, kálípà iwájú ni mò ń wá, méjèèjì. Ọ́ìlì ti ń jò lára tèmi. Èmi àti Thelma, ìyàwó mi, fẹ́ bá ẹgbẹ́ lọ sí àwọn òkè Wales nígbà ìrúwé."

Mo rí ti apá òsì lórí pẹpẹ, ọ̀dà funfun wà lára rẹ̀. N kò rí ti apá ọ̀tún.

"Ó dá mi lójú pé Lionel ní méjèèjì," ni mo sọ. "Padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo máa wá a kàn."

"Ẹ má da ara yín láàmú o. Tí kò bá sí, mo máa lọ wo ọjà àlòkù tó wà ní apá ìsàlẹ̀ gúúsù. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Tó bá rí ibòmíràn tó ti lè rà, kí ló tún ń wá nídìí tíì mi?

Ní Ọjọ́rú, mo rí i. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, Lionel fi aṣọ elépo wé e. Kálípà apá ọ̀tún, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀. Páálí kékeré ni ó so mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ báyìí pé: Mìlímítà. Kì í ṣe tiwa. Má tà á. Mo fi pamọ́ nítorí písítìnì inú rẹ̀.

Mo tún wọ̀n ọ́n fúnra mi. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé irin lè yí ọkàn padà.

Ó yẹ kí n pe Rowland lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Mo gbé fóònù, mo gbé e kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé n ó pè é lọ́la.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún ara mi pé Rowland kì í ṣe ọmọdé, pé òun náà ní irin ìwọ̀n, pé yóò wọ̀n ọ́n kó tó dè é mọ́ ọkọ̀. Tó bá wọ̀n ọ́n, yóò dá a padà, á tún jẹ́ pé ó wá mu tíì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo bí mo ṣe ro ó débẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gé wáyà, mo yọ páálí náà. N kò lè sọ ọ́ nù nítorí pé ọwọ́ Lionel ló kọ ọ́. Mo fi í sínú agolo tíì. Lẹ́yìn náà mo ṣí agolo ọ̀dà. Ojú rẹ̀ ti dì. Mo fi sukurudíráfà lu ú, mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, mo sì tọ́ ọ̀dà sára irin náà.

Mo gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ.

Rowland dé ní aago méjì. Ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé kálípà méjèèjì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná.

"Ẹ rí i!" Ó gbé ti apá ọ̀tún, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú irin ìwọ̀n rẹ̀ jáde.

Mo dúró. Ìdajì ọkàn mi ń gbàdúrà pé kó wọ̀n ọ́n.

Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ọ̀dà funfun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá irin ìwọ̀n padà sápò.

"Kí ni mo tún ń wọ̀n? Lionel ti wọ̀n ọ́n."

Mo da tíì sí ife rẹ̀, mo bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà, bí ẹni pé n kò mọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn pé kì í fi ṣúgà sí i.

Ó lo wákàtí méjì lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. "Ìyáàfin Pettifer, mo ti dè é, mo ti wà á yí àdúgbò ká. Bíréèkì náà ń gbọ́ràn bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ bá mi kí Lionel."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí Lionel, nítorí ó mọ̀ pé mo máa ń lọ sí ibojì rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò kí i.

Ìròyìn náà dé ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Godfrey ló pè.

"Avril, Rowland ti lọ kọ lu ògiri òkúta ní Wales. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan, àwọn àgùntàn já sójú ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, páìpù fò kúrò lára kálípà. Gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀. Kò ku bíréèkì kankan."

"Ṣé wọ́n…"

"Wọ́n wà láàyè. Wọ́n rán iwájú orí Rowland. Apá Thelma ti dá ní ibi méjì, eegun èjìká rẹ̀ náà ti kán."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, fóònù wà lórí itan mi.

Ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n gbé Thelma padà sí Coventry, mo lọ kí i ní ọsibítù. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí kò dá sí mi.

"Avril, wá jókòó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìdààmú bá ọ. Lionel ti ń ṣàárẹ̀ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ ti lè máa ṣe bàìbàì. A ò bínú sí i rárá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu ni mo gbé mì. N kò tíì ro ó rí pé orí Lionel ni yóò já lé. Bẹ́ẹ̀ rèé, orí ta ni ì bá tún já lé? Àmì rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ní ilé ọtí tí wọ́n ti máa ń pàdé. Wọ́n ní kí n wá, kí wọ́n lè tù mí nínú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde, ó wò mí, ó wo ilẹ̀.

"Ó dùn wá láti sọ ọ́. Gbogbo wa la fẹ́ràn Lionel. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀yà tó ní ọ̀dà funfun lára, pàápàá ti bíréèkì, kó jọ̀ọ́ tú u. Ẹ má ṣe wà á mọ́. A gbé àpótí kan síbẹ̀ yẹn."

Àwọn kan ti kó tiwọn wá. Mo gbọ́ ìró irin bó ṣe ń bọ́ sínú àpótí: gbàà, gbàà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ẹnìkan fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ní, "Àgbà ló dé sí i, ìyáàfin. Á ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa."

Mo mi orí. Mo jẹ́ kó gbá mi lẹ́yìn. Godfrey jókòó sí ìkángun yàrá, kò kó nǹkan kan wá, kò sì mu ọtí iwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé nǹkan tí ó fi ìwé ìròyìn wé lọ́wọ́. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó tú u sórí tábìlì. Kálípà méjèèjì ni, èyí tó tú lára ọkọ̀ Rowland tó ti rún.

"Jókòó, Avril. Wo èyí." Ó ti kálípà apá òsì síwájú mi. "Ibo ni ọ̀dà yẹn ti bẹ̀rẹ̀?"

"Lórí bóòtù tó de kálípà pọ̀."

"Ibo ló parí sí?"

Mo wò ó. Láti ọdún tí mo ti ń rí àmì ọkọ mi, n kò tẹjú mọ́ ọn rí. "Lára irin. Ìlà ni. Ó ti orí bóòtù sọdá sára irin."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fà á ní ọ̀nà mìíràn rí. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan bóòtù yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ìlà náà á já. Ohun tó ń sọ ni pé, èmi ni mo dè é, mo sì ń jẹ́rìí sí i." Ó ti kálípà apá ọ̀tún síwájú mi. "Wàyí, wo èyí."

Ọ̀dà náà wà ní pẹrẹsẹ irin, ó rí roboto, ó ṣàn díẹ̀.

"Ẹyẹ wo ló yàgbẹ́ sórí èyí, Avril?"

Kẹ́tùlù ń hó lẹ́yìn mi, a ò sì pa á.

"Èmi ni," ni mo wí.

"O mọ̀ pé mìlímítà ni?"

"Mo mọ̀."

"Mo kọ́ ọ."

"O kọ́ mi."

Ó jókòó. Ó dà bíi pé ó gbó sí i lójú mi. "Nítorí kí ni? Owó?"

"Kí wọ́n lè máa wá," ni mo wí. Bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde ni mo ń gbọ́ bó ṣe kéré tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá obìnrin tó dá sí méjì.

Godfrey kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó jágbe. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n máa pè é. Tó bá jẹ́ ìwọ, Lionel á padà sí àyè rẹ̀."

"Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní wá mọ́."

"Wọn ò ní wá," ló wí. Kò parọ́ fún mi.

Ó fi kálípà méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

Mo lọ sí ìpàdé tó tẹ̀lé e. Thelma wà níbẹ̀, apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì ọsibítù, Rowland jókòó tì í. Àpótí náà wà lábẹ́ fèrèsé, ó ti kún dé ẹnu. Mo dìde kí akọ̀wé tó ṣí ìwé rẹ̀. Mo mú páálí kékeré náà jáde nínú àpò mi, mo sì kà á sókè. Mìlímítà. Kì í ṣe tiwa. Má tà á.

"Ọwọ́ Lionel ló kọ èyí," ni mo wí. "Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo tọ́ ọ̀dà sí i. Lionel kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ti kú fún oṣù mẹ́rin nígbà tí mo fi orúkọ rẹ̀ purọ́."

Rowland dìde díẹ̀díẹ̀. Àpá wà níwájú orí rẹ̀.

"Mo ti mú irin ìwọ̀n jáde lápò lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí ọ."

"Ẹ rí mi."

"Mo rí ọ, mo sì da tíì sí ife rẹ."

Ó ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ láti dìde, wọ́n sì jáde. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan lọ sídìí àpótí, ó wá nǹkan rẹ̀, ó mú un jáde, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, títí àpótí fi ṣófo. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀. Godfrey ló fi ọkọ̀ gbé mi délé.

Mo dá owó Rowland padà. Mo kọ lẹ́tà sí Thelma, kò dá mi lóhùn, n kò sì retí kó dá mi lóhùn. Sátidé wá, Sátidé lọ. Mo máa ń gbọ́ ìró fíríìjì.

Bí ẹ bá ń bèèrè ohun tí mo rí kọ́, kò pọ̀. Mo rò pé ẹ̀yà ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá rà lọ́wọ́ mi. Rárá. Ìdánilójú ọkùnrin kan ni wọ́n ń rà, ọkùnrin tí ẹ̀rù máa ń bà kó tó fa ìlà. Mo fi ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ra ọ̀rẹ́ wákàtí méjì. Ẹ̀yin tí ilé dákẹ́ fún, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò lè dá wà. Ìtìjú yẹn kéré.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Thelma ni. Wọ́n ti tú símẹ́ǹtì lára apá rẹ̀, apá náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ.

"Mi ò wá mu tíì," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe. Rowland ti rí kálípà apá ọ̀tún ra níbòmíràn. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ó wo inú ilé kọjá mi. "Godfrey ní ti apá òsì ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ."

Mo mú un wọ ilé ìdáná. Mo gbé e jáde nínú aṣọ elépo Lionel, mo gbé e sórí tábìlì, mo gbé irin ìwọ̀n tì í, mo sì bọ́ sẹ́yìn kó lè rí àyè.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba irin náà, ó fi èékánná tọ ìlà funfun yẹn láti orí bóòtù títí dé ibi tó parí sí. Kò já níbì kankan.

Ó gbé e sínú báàgì rẹ̀. Irin ìwọ̀n wà níbẹ̀ níwájú rẹ̀, lórí tábìlì. Kò wọ̀n ọ́n.